Kí Ọ̀rọ̀ Kúrú, Kí Ó Sì Pé

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ ìwé tí a ń kọ sí ara wa, àti iṣẹ́ tí a ń fi fóònù rán sí ara wa nísinsìnyí. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń bá àwọn ará àdúgbò mi ní Kétu kọ ìwé sí àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Kútọnú, ní Èkó, ní Abidjan àti ní Libreville. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tí ó bá sì ti jẹ́ olùkọ́ ní àdúgbò, akọ̀wé gbogbo ilé ni. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí ìwé bá ṣe gùn tó ni ìfẹ́ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti pé ọ̀rọ̀ tí ó bá le gbọ́dọ̀ gba ojú ìwé púpọ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí a má kí ara wa. Ìkíni kì í ṣe àpọ̀jù ọ̀rọ̀ láàrin wa. Ọmọ tí ó wà ní ìdálẹ̀, tí ó gba ìwé láti ilé, tí kò rí “ṣé àlàáfíà ni o wà” nínú rẹ̀, àyà rẹ̀ yóò já kí ó tó dé ìlà kejì. Ohun tí mò ń sọ ni ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ìkíni, èyí tí ó mú kí a wá bébà àti kálámù gan-an. Òun ni a máa ń sin sí ìsàlẹ̀ àpò, bí ẹni tó fi owó pamọ́ sábẹ́ àgbàdo.

Lóde òní, fóònù ti mú kí ó le sí i. Ẹnìkan yóò di fóònù mú, yóò sì máa sọ̀rọ̀ sínú WhatsApp fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò àná, yóò kọjá sí ọ̀rọ̀ ìyàwó àbúrò rẹ̀, yóò bú ẹni tí ó ta ìrẹsì tí kò dára fún un, ní ìṣẹ́jú keje ni yóò tó wí pé ọmọ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta nítorí ibà. Bàbá ọmọ náà, ẹni tí ó wà lórí iṣẹ́, ti gbọ́ ìṣẹ́jú méjì, ó ti fi fóònù sí àpò. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Àwọn baba wa mọ ọ̀nà yìí jù wá lọ. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ okùn, tí ó fi rán ọmọdé sí ẹni tí ó wù ú, ẹni náà yóò kà á: ẹ̀fà. Ó yé e pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí òun. Bí òun náà bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ẹ̀jọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, wọ́n ti fìmọ̀ ṣọ̀kan. Owó ẹyọ 14 péré ni ó lọ tí ó sì bọ̀, ọmọdé tí ó gbé e kò sì mọ ohun tí ó gbé. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kọ ojú ìwé mẹ́fà nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Mo kà á fún ọmọbìnrin náà tán, ó bi mí pé: “Ìyá Olùkọ́, kí ni ó ń fẹ́ gan-an?”

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Àrokò kúrú nítorí pé àwọn méjèèjì ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ará Paris, yóò rò pé ọ̀ṣọ́ ọrùn ni ẹ fi ta á lọ́rẹ. Gbogbo wa ni a ń pa á lówe pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odidi. Apá ìkíní ni a fẹ́ràn, ó ń dùn lẹ́nu. Apá kejì ni iṣẹ́ wà. Àbọ̀ náà gbọ́dọ̀ bá nǹkan pàdé nínú olùgbọ́, nǹkan tí yóò fi kún un. Bí kò bá bá nǹkan kan níbẹ̀, àbọ̀ ni yóò dà.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó mi, ẹ kò ní gbàgbé tẹlegíráàmù. Iye ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni a fi ń san owó rẹ̀, nítorí náà ni a ṣe máa ń gé ọ̀rọ̀ bí ẹni ń gé èékánná. Bàbá kò yá, tètè máa bọ̀: ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n máa ń fi kọ ọ́ ní èdè Faransé. Àwọn àgbà ilé wa mọ̀ pé bí tẹlegíráàmù bá wí pé bàbá kò yá, bàbá ti kú. A kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ikú láàrin àwọn àlejò, láìsí ẹni tí yóò dì í mú. Àánú ni ó wà nídìí àṣà yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí wọ́n bí sí Gabon, ibẹ̀ ni ó sì dàgbà sí. Nígbà tí tẹlegíráàmù tirẹ̀ dé, ohun tí ó kà ni ó gbàgbọ́. Ó yá owó, ó lọ sí ilé oògùn, ó ra oògùn olówó ńlá, ó sì gbé e bọ̀ wá sí ilé. Abẹ́ àtíbàbà ni ó ti bá wa. Títí di alẹ́ ọjọ́ náà kò gbé àpò oògùn yẹn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ní àyà láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí mo bá ń yin ọ̀rọ̀ kúkúrú, kí ẹnikẹ́ni má rò pé gígé ni mò ń yìn.

Èyí tí ó kúrú tí ó sì pé, tí ó tún ru ẹrù tí ó wúwo jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀, ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Ní ọdún 1971, nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bangladesh lónìí, àìmọye ènìyàn sá lọ sí Íńdíà. Ní Bangaon, ní ẹ̀bá ààlà, kọ́lẹ́rà tí àwọn àgbà ń pè ní onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn. Omi tí àwọn dókítà ń fi abẹ́rẹ́ fà sí iṣan aláìsàn kò tó mọ́. Dókítà Dilip Mahalanabis, ọmọ Íńdíà, ni kí wọ́n po iyọ̀, sódà àti ṣúgà glúkóòsì mọ́ omi mímu, kí àwọn ẹbí aláìsàn fúnra wọn sì máa bù ú fún wọn mu. Ṣáájú èyí, nínú ènìyàn 100 tí àrùn náà mú, bíi 30 ni ó ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀, iye náà kò tó 4. Ní 1978, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí àwárí yìí jẹ́ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìṣègùn ní ọgọ́rùn-ún ọdún náà.

Ìdí tí omi yìí fi ń ṣiṣẹ́ kò rọrùn láti ṣàlàyé. Ìgbẹ́ gbuuru ń kó omi àti iyọ̀ jáde ní ara ọmọ. Bí a bá fún un ní omi lásán, kò ní dí iyọ̀ tí ó ti bá ìgbẹ́ lọ. Bí a bá fún un ní omi iyọ̀ nìkan, ìfun tí àrùn ń bá jà kò ní gbà á tó. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ilẹ̀kùn kan wà lára ìfun, tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ máa ń gbà wọlé pọ̀, àrùn náà kì í sì í lè ti ilẹ̀kùn yìí. Bí àwọn méjèèjì bá ti wọlé, omi yóò tẹ̀lé wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé lo ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ èyí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń yàgbẹ́ lóru kò ní ọdún kan, kò ní wákàtí kan pàápàá.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe. Ní Bangladesh, láti ọdún 1980, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ BRAC bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé kí wọ́n lọ kọ́ àwọn ìyá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá náà kò mọ ìwé, wọn kò sì ní ohun tí wọ́n lè fi wọn nǹkan. Wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìfun àti ilẹ̀kùn yẹn di ọ̀rọ̀ ọwọ́: iyọ̀ tí ìka mẹ́ta bù, ṣúgà ìrèké ẹ̀kúnwọ́ kan, omi ìdajì òṣùwọ̀n ọjà wọn, tí ó súnmọ́ ìdajì lítà. Ó tán. Àwọn ohun tí ìyá gbọ́dọ̀ mọ̀ sórí jẹ́ mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n dín in kù sí méje.

Èyí tí ó wù mí jù nínú ìtàn náà ni ọ̀rọ̀ owó oṣù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí obìnrin olùkọ́ náà bá ti lọ, ẹlòmíràn yóò wá bi ìyá léèrè ohun tí ó rántí, yóò sì ní kí ó po omi náà lójú òun. Ohun tí ìyá bá rántí ni wọ́n fi ń san owó fún ẹni tí ó kọ́ ọ. Wọn kò ka iye ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ náà sọ, wọn kò sì ka bí ó ti pẹ́ tó lórí ìjókòó. Bí ó bá jẹ́ pé báyìí ni wọ́n ṣe ń san owó fún àwa olùkọ́, ebi ìbá ti pa ọ̀pọ̀ nínú wa. N kò dárúkọ àwọn oníwàásù o. Títí di ọdún 1990, wọ́n ti dé ilé tí ó lé ní mílíọ̀nù 12 lọ́nà yìí.

Mo mọ bí iṣẹ́ yẹn ti le tó, nítorí pé mo bá wọn ṣe irú rẹ̀ ní àdúgbò wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin nọ́ọ̀sì kan mú ìwé ojú ewé kan àti ààbọ̀ wá bá mi, èdè Faransé ni, ó ní kí n sọ ọ́ di Yorùbá kí a lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí àwọn ìyá ti ń wọn ọmọ. Ìwé náà dára. Ó sọ ìtàn àrùn, ó sọ orúkọ kòkòrò, ó gba àwọn ènìyàn níyànjú lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ìpínrọ̀ méjì. Mo ní, “Àbúrò mi, ta ni yóò dúró ka èyí, tòun ti ọmọ lẹ́yìn?” A pe àwọn ìyá àgbà mẹ́ta, a jókòó tì í. Èyí ni ohun tí ó kù nígbà tí a ṣe tán:

Omi tí ó mọ́, lítà 1.
Ṣúgà, ṣíbí kékeré 6 tí a rẹ́ orí rẹ̀.
Iyọ̀, ìdajì ṣíbí kékeré tí a rẹ́ orí rẹ̀.
Nígbàkúùgbà tí ọmọ bá yàgbẹ́, kí ó mu nínú rẹ̀. Má dá ọmú dúró.
Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò bá lè mu mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà ní kí a yọ “tí a rẹ́ orí rẹ̀” kúrò, nítorí pé ó wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, àti pé mo ti ní kí ọ̀rọ̀ kúrú. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà kò bá a jiyàn. Ó na ọwọ́ sí agolo iyọ̀, ó bu ṣíbí kan bí a ti máa ń bù ú sí ọbẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀. Iyọ̀ náà ga bí òkìtì ọ̀gán. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣíbí kan nìyí.” Iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù nínú omi yìí lè pa ọmọ tí a fẹ́ gbà là. Ọ̀rọ̀ náà dúró ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì. Àwọn ìpínrọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó lọ, kì í ṣe nítorí pé wọn kò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn àti ògiri mìíràn ni tiwọn. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, àpò kékeré tí wọ́n ń fún ni ní ilé ìwòsàn sàn ju ti ilé lọ, pẹ̀lú oògùn zinc tí wọ́n ń fi kún un. Ti ilé yìí wà fún òru tí ọ̀nà jìn.)

Nọ́ọ̀sì náà sọ fún mi pé ọ̀sán kan ni òun fi kọ ojú ewé kan àti ààbọ̀ yẹn. Ìlà márùn-ún wa gba ọ̀sán Sunday mẹ́ta. Ó yà á lẹ́nu, kò ya èmi lẹ́nu. Blaise Pascal, ọmọ Faransé tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ìṣirò àti nínú ìwé kíkọ, tọrọ àforíjì ní ọdún 1656 nínú ìwé kan pé ó gùn, àlàyé rẹ̀ sì ni pé òun kò ráyè láti mú un kúrú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ìlà márùn-ún rí kò ní rẹ́rìn-ín.

Ó ku ọ̀nà kan tí a ń gbà gé ọ̀rọ̀, tí n kò lè dákẹ́ lé lórí, nítorí pé àwọn ọmọ wa ni ó ń ṣe é jù. Ọ̀gbẹ́ni Friedhelm Hillebrand, ará Jámánì, ni ó jókòó ní ọdún 1985 tí ó ń tẹ gbólóhùn lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ó ń ka lẹ́tà inú wọn, kí ó lè mọ bí iṣẹ́ tí a ń fi fóònù rán ṣe yẹ kí ó gùn tó. Ó rí i pé lẹ́tà 160 tó fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù December, ọdún 1992, ni wọ́n rán èyí àkọ́kọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n èdè tiwa kò sí nínú ìṣirò náà. Bí ẹ tàbí ọ kan ṣoṣo tí ó ní àmì nísàlẹ̀ bá ti wọ inú iṣẹ́ náà, àyè 160 yóò dín sí 70. Nítorí èyí, àti nítorí ọ̀lẹ (ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́), àwọn ọmọ wa ṣá gbogbo àmì tì. Àbúrò mi obìnrin, tí ó ń ta ọjà ní Pobẹ́, gba iṣẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀: “Mama, oko ti baje.” Ṣé oko ni ó bàjẹ́, ṣé ọkọ́ ni, ṣé ọkọ̀ ni, àbí ọkọ ni ó yà ní ìwà? Ó ti di ẹrù rẹ̀ kí ọmọ náà tó tún pè é pé táyà ọkọ̀ ni ó bẹ́. Àmì mẹ́ta ni ọmọ náà ṣọ́ lò, ìyá sì fi gbogbo ọjà ọjọ́ kan san án.

Báyìí, bí ẹnìkan bá wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá òun kọ ìwé, n kì í mú kálámù lójú ẹsẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, nítorí pé ó yẹ kí ẹnìkan gbọ́ ọ, bí kò tilẹ̀ wọ inú ìwé. Lẹ́yìn náà ni n óò bi í pé: “Bí ọmọ yín bá lè mú ẹyọ ohun kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́, èwo ni ẹ fẹ́ kí ó mú?” Ìbéèrè yìí máa ń mú kí àwọn kan dákẹ́ pẹ́. Àwọn mìíràn a máa sunkún, nígbà náà ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí wọ́n wá kọ.

Lọ́dún tí ó kọjá, ìyá kan wá nítorí ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Abidjan. Ó sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí a fi tan iná: àwọn ẹbí ọkọ, ẹni tí ó jẹ gbèsè, ohun tí olóògbé sọ lórí àkéte, bí wọ́n ṣe kò ó lójú níbi ìsìnkú, àti ewúrẹ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè mi. Ó ronú, ó ní, “Kí ó wá kí wọ́n tó tà á.” Lẹ́yìn ìkíni, ohun tí mo kọ nìyí: “Ilẹ̀ bàbá rẹ tí ó wà ní ọ̀nà odò, wọ́n fẹ́ tà á. Ọjọ́ 14 oṣù tí ń bọ̀ ni wọn yóò fọwọ́ sí ìwé. Wá kí ọjọ́ náà tó pé, tàbí kí o kọ̀wé pé o kò fọwọ́ sí i.”

Mo kà á sí i létí. Ó ní, “Ṣé ó parí náà nìyẹn?” Mo ní ó parí. Ó wo bébà náà pẹ́, ó wo bí ó ti kù sílẹ̀ ní òfìfo tó, ó ní, “Ẹ fi ti ewúrẹ́ kún un, Ìyá Olùkọ́. Àyè wà.”

Mo fi ti ewúrẹ́ kún un. Ọmọkùnrin náà dé ní ọjọ́ 11, wọ́n dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà dúró. Ìyá rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìbejì ewúrẹ́ ni ó kọ́kọ́ béèrè.